Òdo Tí Fóònù Gbé Mì

Ọdún mọ́kànlá gbáko ni ẹnikẹ́ni ní Mile 12 kò fi sọ fún Màríyámọ̀ pé, "Ẹ kú ọjà." Ẹni tí kò bá tajà rí lè rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ẹ máa rò ó bẹ́ẹ̀. Obìnrin tó jẹ́ pé bí tírélà ata bá ti òkè Ọya dé, òun ni àwọn dẹ́rẹ́bà ń kọ́kọ́ béèrè, òun ni wọ́n wá ń wò bí ẹni ń wo ògiri. Bó bá sì ń rìn lọ ní Kétu, àwọn ọmọ aláìlẹ́kọ̀ọ́ á máa pariwo lẹ́yìn rẹ̀ pé, "Ìyá Igba-ó-dín-méjì! Ìyá Igba-ó-dín-méjì!"

Nọ́ńbà ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Ta ló sì ka nọ́ńbà náà sókè létí ọjà? Nusirat, ọmọ bíbí inú rẹ̀ ni. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti ń dun ni.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Àlájà Hàlímátù, tó jẹ́ ìyálọ́jà ìlà ata, bọ́ ṣéènì góòlù tó rà bọ̀ láti Mẹ́kà nígbà tó fẹ́ ṣe àlùwàlá ìrun Àsárì. Ó kírun tán, ó na ọwọ́ síbi tó rò pé òun gbé e sí, kò bá nǹkan kan. Ariwo ta. Obìnrin mẹ́rìnlá ló wà lábẹ́ àtíbàbà lọ́jọ́ náà, wọ́n sì ti fẹ́ máa fa aṣọ ya mọ́ ara wọn lọ́rùn nígbà tí Mutolib, akọ̀wé ìlà wọn, dìde, ó ní kí wọ́n fara balẹ̀.

"Kò sí ìjà níbẹ̀ rárá," ló wí. "Nọ́ńbà kan wà tó jẹ́ olóòótọ́. Ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ bá mọ́, ọ̀nà yòówù kó gbà, ọ̀dọ̀ nọ́ńbà yẹn ni yóò já sí. Olè nìkan ni kì í dé ibẹ̀."

Ó kọ nǹkan sínú ìwé, ó fi sínú àpòòwé, ó lẹ̀ ẹ́ pa, ó ní kí Àlájà jókòó lé e lórí. Ó wá pín káàdì, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Òun fúnra rẹ̀ ló fi bírò pupa kọ nọ́ńbà ẹlẹ́yọ mẹ́ta sára káàdì kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí kálukú yí nọ́ńbà tirẹ̀ sẹ́yìn síwájú, kó yọ kékeré kúrò nínú ńlá. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, kó tún yí i padà, kó wá ro méjèèjì pọ̀. Obìnrin àkọ́kọ́ gba 742. Ó yọ 247 kúrò nínú rẹ̀, ó ku 495. Ó yí i padà, ó di 594. Ó rò ó pọ̀, ó jẹ́ 1089. Èkejì gba 831, ọ̀nà tirẹ̀ yàtọ̀ pátápátá, ibi tó já sí ni 1089. Ẹ̀kẹta, 1089. Àlájà dìde lórí àpòòwé, ó ya á, ẹ̀gbẹ̀rún kan ó lé mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún ló wà nínú rẹ̀!

"Háà! Subhanallahi!" Ẹnu ya gbogbo wọn. Obìnrin mẹ́tàlá ló ṣe é, mẹ́tàlá ló já sí 1089, wọ́n ń jó yọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó wá ku Màríyámọ̀. Kò kàwé. Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ Nusirat, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwé dé ni, yunifọ́ọ̀mù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì gbá a mọ́ra lójú gbogbo wọn. "Ọmọ mi ni yóò bá mi ṣe é," ló fi yangàn. "Ẹ wá wo orí pípé."

Mutolib fún un ní káàdì. 463 ló wà lára rẹ̀. Nusirat gba fóònù ìyá rẹ̀, ó tẹ 463, ó yọ 364 kúrò. 99 ló jáde. Ọmọ náà dúró. Ó ti ń wo àwọn yòókù láti ẹ̀ẹ̀kan, nọ́ńbà mẹ́ta-mẹ́ta ló ń jáde fún wọn láàárín.

"Uncle," ló wí, "méjì péré ló jáde fún èmi. 99 ni."

Mutolib rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó gbé ohùn sókè kí gbogbo ìlà lè gbọ́. "Ohun tí fóònù bá gbé jáde ni kí o kọ, ọmọ dáadáa. Nọ́ńbà kì í parọ́. Yí 99 padà. Kí ló dà?"

"99 náà ni, sà."

"Rò ó pọ̀."

Ó rò ó. "One-ninety-eight, sà."

"Sọ ọ́ ní Yorùbá, kí àwọn màmá gbọ́."

Ọmọ tó ń gba ipò kìíní ni, kò ní ṣàì mọ̀ ọ́n. "Igba ó dín méjì," ló fi ohùn rẹ̀ tó já geere wí.

Ẹ ò rí nǹkan! Ìlà yẹn ní ìṣe kan. Bí wọ́n bá lé ènìyàn, wọn kì í nà án, wọn kì í pe ọlọ́pàá. Wọ́n á da ata inú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nù, wọ́n á dojú apẹ̀rẹ̀ náà dé síwájú ìsọ̀ rẹ̀, láti ìgbà náà lọ, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ kí i mọ́. Àlájà Hàlímátù fúnra rẹ̀ ló dojú apẹ̀rẹ̀ Màríyámọ̀ dé. Obìnrin náà ń búra, ó ń fi Kùránì sọ ọ́, ó ń pe orúkọ àwọn tí wọ́n jọ ń jẹun nínú abọ́ kan náà. Wọ́n kọ ẹ̀yìn sí i. Ìsọ̀ rẹ̀ ló sún mọ́ ẹnu ọ̀nà jù, ibi tí tírélà ti ń já ẹrù. Oṣù náà kò tíì parí tí Ìbíjọkẹ́, ìyàwó Mutolib, fi ń pàtẹ ata níbẹ̀. Ó ti yé yín báyìí, àbí?

Màríyámọ̀ mú káàdì 463 náà lọ sílé. Ó wé e mọ́ etí gèlè àtijọ́ kan, ó tì í sínú àpótí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta ata ní òkìtì-òkìtì lẹ́nu ọ̀nà ilé tí wọ́n yá gbé ní Kétu. Kò bá Nusirat wí. Ọjọ́ kan ṣoṣo kò bá a wí. Ìbá tiẹ̀ nà án, ìbá sàn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kò jẹ́ kí ọmọ yẹn bá òun tẹ fóònù mọ́. Bó bá fẹ́ ro nǹkan pọ̀, á fi ìka kà á, bí ìka kò bá ká a, á pe ọmọ aládùúgbò. Nusirat á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tòun ti ipò kìíní rẹ̀, á máa wò. Ọmọ náà sì gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ìka òun ló ṣì í tẹ̀, pé òun lòun ba ayé ìyá òun jẹ́.

Ọdún méje ló fi gbé ẹrù yẹn. Ó ti wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ nígbà tí olùkọ́ wọn kan wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kan, tó ní kí wọ́n jọ ṣeré díẹ̀. Ó ní kí kálukú ro nọ́ńbà ẹlẹ́yọ mẹ́ta, kó yí i padà, kó yọ kékeré kúrò nínú ńlá. Nusirat ti mọ ibi tó ń lọ kó tó parí ọ̀rọ̀. Gbogbo kíláàsì já sí 1089, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ náà sì ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn. Ó ní kò sí idán níbẹ̀. Bí o bá ti yọ irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ kúrò nínú ìkejì rẹ̀, ìlọ́po 99 ni yóò ṣẹ́ kù dandan. 9 ni yóò wà láàárín rẹ̀, bí o bá sì ro ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí rẹ̀ pọ̀, 9 náà ni. Nítorí náà, bó o bá yí i padà tó o rò ó pọ̀, ibi kan ṣoṣo ló lè já sí. Ó já sí i fún lèmọ́mù, ó já sí i fún olè.

"Àwọn tí nọ́ńbà àkọ́kọ́ wọn bá bá ti ìparí dọ́gba nìkan ni yóò bọ́ sí òfo," ló wí. "Àwọn tí tiwọn bá sì fi ẹyọ kan ju ara wọn lọ, ẹ ṣọ́ra o. Ẹ ó rí 99. Fóònù yín á gbé òdo iwájú rẹ̀ mì. Òun kọ́ ni kí ẹ kọ. 099 ni kí ẹ kọ, yóò di 990, ẹ ó sì dé ilé."

Nusirat fi bírò kọ 463 sẹ́yìn ìwé rẹ̀. 4 àti 3. Ẹyọ kan péré. Mutolib mọ̀! Nínú káàdì mẹ́rìnlá, ọ̀kan ṣoṣo ni ọ̀fìn wà nínú rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló gbẹ́ ẹ, ó mú un fún ẹni tí òun ń fi ojú kòkòrò wo ìsọ̀ rẹ̀, ó sì fi ọmọ ẹni náà tì í sínú rẹ̀. Nígbà tí ọmọ yẹn dúró tó béèrè, ó dá a lóhùn lójú gbogbo ayé pé nọ́ńbà kì í parọ́. Ọlọ́run ń wò ó o.

Ẹni bá rò pé Nusirat sáré lọ sí Mile 12 lọ́jọ́ náà kò mọ̀ ọ́n. Kí ló máa sọ? Pé ọmọ olè ń gbèjà olè? Wọ́n á fi ṣẹ̀sín. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ nọ́ńbà yẹn bí ẹni ń kọ́ ọ̀nà ilé ọ̀tá. Ó mọ̀ pé 33 lọ́nà 33 ni. Ó mọ ohun kan mìíràn tó dùn mọ́ ọn nínú ju gbogbo rẹ̀ lọ: bí o bá sọ 1089 di ìlọ́po mẹ́sàn-án, 9801 ni yóò jẹ́. Nọ́ńbà kan náà, ó kàn kọjú sí ibi tó kẹ́yìn sí tẹ́lẹ̀ ni. Ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ 9801 sẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀. Láràárọ̀, bó bá ń di gèlè láti jáde, á wò ó, á ní, "Ìwọ náà á kọjú síbí lọ́jọ́ kan, Mutolib. Èmi kọ́ ni màá sọ̀rọ̀. Ọwọ́ ara rẹ ni wàá fi kọ òdo yẹn." Ọdún mẹ́rin ló fi ń sọ ọ́.

Ó ti di tíṣà ìṣirò ní ilé ìwé kan ní Ìkòsì nígbà tí ọjọ́ náà fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá bá a. Ìpàdé òbí ni. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Clara, tí ọmọ rẹ̀ wà ní kíláàsì Nusirat, dúró lẹ́yìn tí gbogbo èèyàn lọ tán, ó ń fọwọ́ nu ojú.

"Aunty, ẹ má bínú o. Ìlà ata ní Mile 12 ni mo ti ń tajà. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí a fi ń pe tírélà ló sọnù, wọ́n ní lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n máa fi nọ́ńbà wá olè. Èmi ò mọ nǹkan kan nínú ìṣirò, I swear. Ṣé ẹ lè bá mi wá, kí ẹ bá mi tẹ fóònù?"

"Níbo ni ìsọ̀ yín wà?" ni Nusirat bi í.

"Ẹ̀gbẹ́ ti ìyàwó Àlájì Mutolib. Ó ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé tòun kò gba òun mọ́."

Nusirat fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ẹ̀rín tó bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Màá wá, Mummy. Kò sóhun tó máa dá mi dúró."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ní kí ìyá òun fún òun ní káàdì inú àpótí. Màríyámọ̀ wò ó títí.

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ dá a padà fún ẹni tó ni ín ni, Màámi."

Màríyámọ̀ tú etí gèlè náà. Ìwé ti pọ́n, bírò pupa ṣì hàn ketekete. "Má lọ jà o."

"Mi ò ní jà. Màá kàn ní kó ṣe ìṣirò ni."

Láàárọ̀ Sátidé, aago mẹ́wàá, ìlà ata kún dẹ́dẹ́. Mutolib ti di Àlájì, ikùn ti yọ, ó fi òrùka sí ìka mẹ́ta. Àlájà Hàlímátù ti di arúgbó, wọ́n gbé àga fún un, ó jókòó lórí àpòòwé bí ti ọjọ́sí. Nusirat kúnlẹ̀ kí gbogbo wọn. Kò sẹ́ni tó dá a mọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá tó ń wọ yunifọ́ọ̀mù kọ́ ló wà níwájú wọn mọ́.

Mutolib pín káàdì. Ó dé ọ̀dọ̀ Clara, ó yọ ọ̀kan láti abẹ́ àwọn yòókù. Nusirat bojú wò ó. 574. Ọ̀fìn kan náà! Kò tiẹ̀ yí ọgbọ́n padà. Ó ti pa ẹnì kan pẹ̀lú rẹ̀, kí ló tún fẹ́ máa wá ọgbọ́n mìíràn sí?

"Ẹ jọ̀wọ́ sà," ni Nusirat wí, ó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. "Èmi ni mo fẹ́ bá Mummy yìí tẹ fóònù, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí díẹ̀. Nílé wa, ẹni tó bá gbé omi fún àlejò ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ṣé ẹ̀yin náà lè kọ́kọ́ ṣe é, kí ọkàn wa balẹ̀?"

"Òótọ́ ló sọ!" ni àwọn obìnrin wí. "Kó tọ́ ọ wò!"

Mutolib rẹ́rìn-ín. Ó wọ́ káàdì kan látinú àpò.

"Rárá sà, ẹ má bínú. Kò sẹ́ni tó yan tara rẹ̀ nínú àwọn màmá wọ̀nyí. Ẹ gba èyí." Nusirat na káàdì ọwọ́ rẹ̀ sí i.

Ọkùnrin náà gbà á tẹ̀ríntẹ̀rín. Ó wò ó. Ẹ̀rín náà kú. Ó yí i sẹ́yìn, ó yí i síwájú, bí ẹni pé nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ lè bọ́ dànù. "Níbo lo ti rí èyí? Ta ni ẹ́?"

"Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò ná, sà."

"Káàdì àtijọ́ nìyí, kò wúlò mọ́."

Àlájà Hàlímátù gbé orí sókè lórí àga. "Mutolib, ṣé nọ́ńbà náà ń darúgbó ni? Ṣe é ká rí i."

Kò lè sá. Ojú gbogbo ìlà ló wà lára rẹ̀. Ó mú fóònù, ó tẹ̀ ẹ́. 463, yọ 364 kúrò. Nusirat tí ń wò ó láti ẹ̀gbẹ́ sọ ọ́ sókè, "99 ló jáde fún wọn o, ẹ̀yin màmá mi."

Mutolib tẹjú mọ́ fóònù. Bó bá kọ 99, yóò já sí igba ó dín méjì, òun ni olè, òun tó gbé òfin náà kalẹ̀. Iwájú kò ṣeé lọ, ẹ̀yìn kò ṣeé padà sí. Nusirat ń wo ọwọ́ rẹ̀. Kọ ọ́, ló ń sọ nínú. Kọ ọ́, ọmọ àlè!

Ó kọ ọ́. Ó mú bírò pupa, ó fi òdo kékeré kan síwájú 99. 099. Ó yí i padà, 990. Ó rò ó pọ̀, ó na ìwé náà sókè. "1089! Ẹ wò ó! Ọwọ́ mi mọ́!"

Àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́. Nusirat dìde lórí ìkúnlẹ̀, ó gbọn eruku kúrò lórúnkún, ó dúró kí àtẹ́wọ́ náà lọ sílẹ̀ tán.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Òdo yẹn, níbo lẹ ti rí i? Fóònù yín kò gbé e jáde. Gbogbo wa la wò ó."

"Òdo... òdo náà wà níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn."

"Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn? Ẹ̀yin màmá, ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, ọmọ kan dúró níbí yìí, ó ní, 'Uncle, méjì péré ló jáde fún èmi.' Kí ni wọ́n dá a lóhùn?"

Obìnrin kan láti ẹ̀yìn, tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn lọ́hùn-ún, ló kọ́kọ́ sọ ọ́, ó rọra sọ ọ́. "Ó ní ohun tí fóònù bá gbé jáde ni kó kọ."

"Nọ́ńbà kì í parọ́," ni òmíràn wí.

"Káàdì wo ni ọmọ náà ní lọ́wọ́?" ni Nusirat bi wọ́n. "Òun nìyí. Ẹ wo bírò yẹn. Èmi ni ọmọ náà. Nusirat, ọmọ Màríyámọ̀ ni mí."

Àlájà Hàlímátù di àga mú. Mutolib ń wo ọ̀nà tó lè gbà jáde, kò sí. "Ọ̀rọ̀ kí lẹ ń sọ yìí?" ló pariwo. "Òdo lásán-làsàn! Òdo kò já mọ́ nǹkan kan!"

"Ṣé kò já mọ́ nǹkan kan?" Ohùn Nusirat kò ga. "Ó dáa. Ẹ pa á rẹ́."

"Pa á rẹ́, Mutolib," ni Àlájà wí.

Ó pa á rẹ́. Nusirat ní kó tún un rò, ó tún un rò.

"Kí ló jẹ́, sà?"

"One-ninety-eight."

"Ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá, kí àwọn màmá gbọ́."

Ọkùnrin náà wo ilẹ̀. "Igba ó dín méjì," ló wí.

Ẹ wò ó, mi ò ní purọ́ fún yín. Ó dùn mọ́ Nusirat. Ó dùn mọ́ ọn dé inú eegun, kò sì tijú rẹ̀. Ó yíjú sí àwọn obìnrin, ó ní kí wọ́n máa mú nọ́ńbà èyí tó bá wù wọ́n, kí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sáà ti yàtọ̀ sí ìparí, kí wọ́n má sì jẹ́ kí fóònù gbé òdo mì. Wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, wọ́n ń pariwo. 1089. 1089. 1089. Clara tẹ 574 tirẹ̀, wọ́n fi òdo sí i, 1089 ló já sí. Kò pẹ́ tó fi yé wọn pé nọ́ńbà náà kò mọ olè, kò mọ olóòótọ́, pé ọdún mọ́kànlá ni wọ́n ti fi ọmọ ènìyàn pamọ́ sábẹ́ apẹ̀rẹ̀ lórí ìṣirò tí kò lè já síbòmíràn. Àwọn kan bú sẹ́kún. Àwọn ọ̀dọ́ aláàárù bẹ̀rẹ̀ sí í hó lé Mutolib lórí. Àwọn tí kò sunkún ya bo ìsọ̀ Ìbíjọkẹ́, wọ́n sì fa gbohùngbohùn náà yọ lábẹ́ àpò tàtàṣé.

Àlájà Hàlímátù yíjú sí Nusirat. "Ṣéènì yẹn... mo rí i. Ààwẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Abẹ́ aṣọ inú báàgì mi ló há sí. Mo sọ fún Mutolib, ó ní kí n pa ẹnu mọ́, pé ojú máa tì mí láwùjọ. Mo pa á mọ́. Dárí jì mí, ọmọ mi."

Bí ẹlòmíràn ni, ìbá ní kò burú. Nusirat wo arúgbó náà láti òkè délẹ̀. "Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin wà lọ́jà, Àlájà. Ẹ̀yin lẹ tún wọ́ ọ. Ẹ má bẹ̀ mí, èmi kọ́ lẹ fi 'ẹ kú ọjà' dù."

Ó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù. Kò ju kí ènìyàn ti Kétu wọ kẹ̀kẹ́ dé Mile 12 lọ, Màríyámọ̀ dé. Ó wọ aṣọ tí kì í wọ̀ ṣọjà. Wọ́n ti kó ata Ìbíjọkẹ́ kúrò lórí ìsọ̀ ẹnu ọ̀nà, apẹ̀rẹ̀ kan sì wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀, wọ́n dojú rẹ̀ dé. Àwọn obìnrin là sọ́tùn-ún là sósì fún un. "Màmá Nusirat, ẹ kú ọjà o! Ẹ kú ọjà, ẹ jọ̀wọ́!" Wọ́n ń kúnlẹ̀ lọ bí ó ti ń kọjá. Àlájà Hàlímátù náà sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, orúnkún arúgbó kan ilẹ̀. Màríyámọ̀ ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń dárúkọ wọn, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Àlájà, ó dúró. Ó ní, "Ẹ dìde, Àlájà. Ilẹ̀ ti tutù."

Ó jókòó sórí ìsọ̀ rẹ̀. "Ta ló máa ṣí apẹ̀rẹ̀ mi?"

Wọ́n ti Mutolib síwájú. Ó bẹ̀rẹ̀ tìkùn-tìkùn, ó fi ọwọ́ olórùka rẹ̀ méjèèjì gbé apẹ̀rẹ̀ náà dìde, ó kọ ojú rẹ̀ sókè. Ní àkókò yẹn gan-an ni tírélà kan wọlé láti òkè Ọya, àwọn aláàárù bẹ̀rẹ̀ sí í ju ata sílẹ̀. Dẹ́rẹ́bà náà bọ́ sílẹ̀, ó ń béèrè ẹni tó máa bá a ka ẹrù.

Màríyámọ̀ na ọwọ́ sínú àpò aṣọ rẹ̀, ó yọ fóònù. Kò wo ẹ̀gbẹ́ kankan. Ó nà án sí ọmọ rẹ̀.

"Gbà," ló wí. "Bá mi ro iye apẹ̀rẹ̀ tó ń sọ̀ kalẹ̀."

Nusirat gbà á. Ó nu ojú, ó tẹ nọ́ńbà àkọ́kọ́.

Mutolib ṣì dúró níbẹ̀. Òun nìkan ni kò tíì kí i. Ó tún bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀. "Ẹ kú ọjà, Màmá Nusirat."

Màríyámọ̀ ń ṣa ata tó bàjẹ́ kúrò nínú èyí tó dáa.

"Màmá Nusirat, mo ní ẹ kú ọjà o. Ẹ jọ̀ọ́."

Màríyámọ̀ gbójú sókè, ó wo ọ̀gangan ibi tó wà bí ẹni ń wo ògiri. "Nusirat," ló wí, "ṣé ẹnì kan sọ̀rọ̀ ni?"

"Rárá, Màámi," ni Nusirat dá a lóhùn, ó ń tẹ fóònù. "Mi ò gbọ́ nǹkan kan."